Bíbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Akadá Nínú Lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà àti Ìmọ̀ Àyíká: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè náà, sábà máa ń bèèrè nípa iṣẹ́ olùkọ́ àti olùwádìí ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá yan lítíréṣọ̀ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ìmọ̀ àyíká. Àwọn ìdáhùn náà kò gùn dọ́gba, nítorí pé ohun tó ta kókó nínú ọ̀kan kò sí nínú èkejì.

Kí ni iṣẹ́ ẹni tó yan ẹ̀kọ́ yìí gan-an?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ sílẹ̀, ìbáà ṣe ìtàn àròsọ, ewì, ìwé ìrìn-àjò, ìtàn tí àwọn tó bọ́ lóko ẹrú fẹnu ara wọn sọ, tàbí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, kí ó sì wádìí ohun tí àwọn ìwé náà ń sọ nípa ilẹ̀, omi, ẹranko, epo rọ̀bì àti ojú ọjọ́, àti ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú Moby-Dick, tí Herman Melville tẹ̀ jáde ní ọdún 1851, ṣe àpẹẹrẹ. Òróró àbùùbùtán ni ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà fi ń tan àtùpà nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ojú àyíká ka ìwé yìí yóò bèèrè ibi tí òróró náà ń lọ, irú àwọn ènìyàn tó ń fi ẹ̀mí wọn wewu lójú òkun nítorí rẹ̀, àti ẹni tó jókòó sílé tó ń jèrè. Ṣùgbọ́n ó tún gbọ́dọ̀ bèèrè ìdí tí ìwé náà fi ń pa ohùn dà láti orí ìtàn bọ́ sí ìwàásù, sí eré orí ìtàgé, sí ìwé ìmọ̀ ẹranko. Bí ó bá dáhùn apá kìíní láìdáhùn apá kejì, iṣẹ́ òpìtàn ni ó ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí òpìtàn gidi ti ṣe é dáadáa jù ú lọ.

Ìgbà wo ni ó di ẹ̀kọ́ tó ní àyè tirẹ̀?

Ìmọ̀ àyíká ni ó kọ́kọ́ rí àyè. Middlebury College ní ìpínlẹ̀ Vermont bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1965, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Rachel Carson tẹ Silent Spring jáde nípa ewu oògùn apakòkòrò. Ní ọdún 1970, Amẹ́ríkà ṣe Ọjọ́ Ilẹ̀ Ayé àkọ́kọ́, ìjọba àpapọ̀ sì dá EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì tẹ̀lé ọ̀nà tí Middlebury là.

Àwọn oní-lítíréṣọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dé. William Rueckert lo ọ̀rọ̀ náà ecocriticism, ìyẹn fífi ojú àyíká ka lítíréṣọ̀, nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1978, ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó mọ ara wọn. Nígbà tí ó yá, ohun gbogbo yára: Cheryll Glotfelty gba iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ àti àyíká ní University of Nevada, Reno, ní ọdún 1990, wọ́n dá ASLE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ àti àyíká, sílẹ̀ ní ọdún 1992, ISLE, jọ́nà tó wà fún irú iṣẹ́ yìí, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, ìwé tí Lawrence Buell gbé ka orí Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé ìṣẹ̀dá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jáde ní ọdún 1995, àkójọ àpilẹ̀kọ tí Glotfelty àti Harold Fromm ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní ọdún 1996.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé báyìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn ìwé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn gbójú fò. Aginjù, orí òkè àti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tó dá wà nínú igbó ni wọ́n fi ṣe gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 1982, àwọn ará Warren County ní North Carolina, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ti dùbúlẹ̀ sójú títì láti dá ọkọ̀ tó ń kó erùpẹ̀ onímájèlé wá sí àdúgbò wọn dúró. Ní ọdún 1991, àwọn aṣojú irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ pàdé ní Washington, D.C., wọ́n sì fẹnu kò lórí ìlànà mẹ́tàdínlógún fún ìdájọ́ òdodo nípa àyíká. Ó pẹ́ kí lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ tó gbọ́ ohùn wọn. Àkójọ ewì aláwọ̀ dúdú nípa ìṣẹ̀dá tí Camille Dungy ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 2009, àti ìwé Rob Nixon ti ọdún 2011 lórí ìpalára tó ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó kíyè sí i, wà lára ohun tó yí ìbéèrè ẹ̀kọ́ náà padà. Ẹni tó bá fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ lónìí tí kò dárúkọ òǹkọ̀wé kankan yàtọ̀ sí Thoreau àti John Muir, òǹkọ̀wé tó gbèjà igbó, yóò dà bí ẹni tó ti ń sùn bọ̀ láti ọdún 1995.

Ṣé ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, àbí ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká?

Bí iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ẹ ń fojú sí, ẹ gbà á ní ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí máa ń bí àwọn kan nínú, nítorí pé ìwé ìkéde gbogbo yunifásítì ló ń yin àṣepọ̀ láàárín ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kò tíì yí padà tó bí ìwé ìkéde ṣe yí padà. Ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wá ènìyàn nípa sáà: lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 1865, láti ọdún 1865 sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tàbí ti òde òní. Ìgbìmọ̀ tó ń ka ìwé yín yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì tí ẹni tó fẹ̀yìn tì fi sílẹ̀. Àyíká ni yóò mú kí wọ́n yàn yín láàárín àwọn tó tóótun, ṣùgbọ́n sáà ni yóò mú kí wọ́n kà yín mọ́ àwọn tó tóótun.

Àwọn ètò kan wà tó so méjèèjì pọ̀ láìpa ọ̀kan lára. Ní University of Oregon, fún àpẹẹrẹ, akẹ́kọ̀ọ́ lè gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àyíká kí ó sì ní ẹ̀ka kan pàtó tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ibòmíràn a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé ẹ̀rí kékeré nínú ìmọ̀ àyíká lẹ́yìn kíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Irú ìwé ẹ̀rí yẹn wúlò, kò sì gba àkókò púpọ̀. Ohun tí mo ń kìlọ̀ fún ni kí ènìyàn parí ẹ̀kọ́ kí ẹ̀ka méjèèjì sì máa sọ pé àlejò ni. Ẹni tó lé eku méjì pọ̀ á pòfo.

Ṣé dandan ni kí n mọ sáyẹ́ǹsì?

Kò di dandan kí ẹ gba oyè nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ máa lo ọ̀rọ̀ onísáyẹ́ǹsì bí ẹni ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí àpilẹ̀kọ yín bá dá lórí ìtàn àròsọ kan nípa ọ̀dá àti eruku tó bo àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1930 sí 1939, ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé bí títú koríko ilẹ̀ pẹrẹsẹ wọ̀nyẹn nítorí oko ọkà ṣe sọ erùpẹ̀ di ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Kíláàsì kan nínú ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ ohun alààyè àti àyíká, òmíràn nínú òfin tàbí ìtàn àyíká, àti ẹnì kan ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tí ẹ lè bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe yan àkòrí àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mú ìṣòro àyíká kan, ìyípadà ojú ọjọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́, kí ó wá máa ṣa ìwé mẹ́rin tó mẹ́nu kàn án jọ, kí ó sì fi orí kọ̀ọ̀kan fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ ni orí mẹ́rin tó ń sọ ohun kan náà, pé òǹkọ̀wé yìí pẹ̀lú bìkítà fún ilẹ̀ ayé. Ìbéèrè tó dára a máa ti inú bí ìwé ṣe jẹ́ wá, ohun tó ṣàjèjì nínú rẹ̀ tí ìtàn àyíká lè ràn wá lọ́wọ́ láti lóye.

Ẹ wo Their Eyes Were Watching God, tí Zora Neale Hurston tẹ̀ jáde ní ọdún 1937. Ìjì líle tó wà nínú rẹ̀ bá èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1928 mu, nígbà tí omi adágún Okeechobee ní Florida ya bo ìlú, tí àwọn tó kú kò dín ní 2,500, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀. Nínú ìtàn náà, wọ́n fi ìbọn mú Tea Cake, ọkọ obìnrin tí ìtàn náà dá lé, láti máa sin òkú, wọ́n sì ní kí ó ya òkú aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ sí ti aláwọ̀ dúdú, nítorí pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń kan pósí fún. Ojú ìwé díẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bèèrè ìdí tí Hurston fi kọ ọ́ ní kúkúrú bẹ́ẹ̀, tó sì fi ìtàn ìdídò tí wọ́n fi erùpẹ̀ ṣe ní etí adágún náà, ti oko tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ti ibi tí wọ́n kó òkú sí láìsí àmì, gbe ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀, ti ní orí kan tó lè dúró.

Ìwé tí gbogbo ayé ti kọ nípa rẹ̀ náà kò yọ àkòrí sílẹ̀. Thoreau, tó kó lọ sétí adágún Walden ní 4 oṣù keje ọdún 1845, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1854, ṣì ní ohun tuntun láti sọ, nítorí pé ó kọ ọjọ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irúgbìn tanná ní Concord, ìlú rẹ̀, sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ohun alààyè Richard Primack àti Abraham Miller-Rushing fi àkọsílẹ̀ náà wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde òní, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ òdòdó níbẹ̀ ti ń tètè tanná ju ti ìgbà Thoreau lọ. Onímọ̀ lítíréṣọ̀ lè bèèrè ohun tí wọn kò bèèrè: irú ìwé wo ni àkọsílẹ̀ tí a kò kọ fún ẹnikẹ́ni jẹ́, tí ó wá di ẹ̀rí lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún?

Ẹ tún ronú nípa ibi tí ìwé àfọwọ́kọ wà kí ẹ tó fi àkòrí múlẹ̀. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Thoreau wà ní Morgan Library ní New York, ìwé àfọwọ́kọ Walden wà ní Huntington Library ní California, ìwé Rachel Carson sì wà ní Beinecke Library ní Yale. American Antiquarian Society ní Worcester, Massachusetts, ní ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì máa ń fún olùwádìí ọ̀dọ́ lówó láti wá jókòó kà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nírú ibẹ̀ lè fi àpilẹ̀kọ yín hàn yàtọ̀ sí ti ẹni tó ka ìwé títẹ̀ nìkan.

Ta ni yóò san owó ẹ̀kọ́ náà?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ ní Amẹ́ríkà bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá ní san án fún yín. Ètò tó bá dára a máa mójú tó owó ilé ìwé, owó ìgbọ́bùkátà àti ìbánigbófò ìlera fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi kíkọ́ni san án padà. Ìṣòro ni pé iṣẹ́ náà sábà máa ń ju ọdún márùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹ bèèrè tààrà kí ẹ tó gbà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún kẹfà àti ìkeje. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí ìlànà pé àwọn kò ní fi dandan lé e kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ṣáájú 15 oṣù kẹrin, nítorí náà ẹ ní àyè láti fi ọ̀kan wé èkejì. Ẹ wò ó bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní ìparí ọdún 2022, òṣìṣẹ́ akadá bí 48,000 ní University of California da iṣẹ́ sílẹ̀, àdéhùn tí wọ́n sì gbà padà fi owó kún owó wọn.

Irú kíkọ́ni wo ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí mi?

Kíkọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní bí a ṣe ń kọ àròkọ ni ó pọ̀ jù. Àwọn kan ń wo kíláàsì yìí bí ìyà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ olùkọ́ ti lè gbé sílábọ́ọ̀sì tirẹ̀ kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kíláàsì àròkọ tó dá lórí omi ẹ̀rọ ìlú kan, lórí ibi ìdalẹ̀, tàbí lórí ìròyìn nípa iná igbó, yóò kọ́ àwọn ọmọ ní kíkọ, yóò sì fún ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ lè fi han ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́. Ẹ tọ́jú sílábọ́ọ̀sì náà, iṣẹ́ tí ẹ fún wọn ṣe, àti ohun tí àwọn ọmọ kọ nípa kíláàsì yín.

Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ àti àyíká gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbó nìkan ni àyíká. Ọmọ tó ti ka Ceremony, tí Leslie Marmon Silko tẹ̀ jáde ní ọdún 1977, níbi tí kòtò tí wọ́n ti ń wa yureníọ́mù (èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù àti iná mànàmáná) lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Laguna ti di ojú ibi tí ìtàn ti dé góńgó, yóò fi ojú mìíràn wo iná mànàmáná tó ń tàn lórí rẹ̀ nínú láíbìrì.

Jọ́nà àti àpérò wo ló yẹ?

Ẹ pín in sí méjì. Ẹ jẹ́ kí àpilẹ̀kọ kan jáde níbi tí àwọn onímọ̀ àyíká ti máa ń kà, bíi ISLE, Environmental Humanities tàbí Resilience, kí òmíràn sì jáde níbi tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà ti máa ń kà, bíi American Literature, tó ti wà láti ọdún 1929, tàbí American Literary History. Àpilẹ̀kọ kan tó dúró dáadáa kí ẹ tó wáṣẹ́ sàn ju mẹ́ta tí wọ́n sáré kọ. Ó lè gba oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan kí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò tó fèsì, nítorí náà ẹ má dúró di ọdún tí ẹ ń wáṣẹ́.

Ní ti àpérò, ti ASLE máa ń wáyé ní ọdún méjì méjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀dọ́ ti máa ń rí àwọn tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Ti MLA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, tó máa ń wáyé ní oṣù kìíní, tóbi, ó sì tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó fẹ́ gbà yín mọ orúkọ rẹ̀.

Báwo ni ìwáṣẹ́ ṣe ń lọ?

Ó ní àkókò tirẹ̀. Ìpolówó iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí àtòkọ iṣẹ́ MLA láti nǹkan bí oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ọ̀pọ̀ sì ń fẹ́ kí ìwé dé láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ a máa wáyé lórí fídíò ní nǹkan bí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, lẹ́yìn náà ni wọn yóò pe ènìyàn bíi mẹ́ta wá sí ọgbà yunifásítì fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ máa ń jáde nígbà ìrúwé. Ìpolówó iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ti dín kù gidigidi láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2008, kò sì tíì padà sí bí ó ṣe wà. Ẹni tó bá wáṣẹ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìrí kò gbọ́dọ̀ rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kò dára.

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín. Ojú ìwé méjì ni. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ sáà yín àti ohun tí ẹ rí tí ẹlòmíràn kò tíì rí. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ pé ilẹ̀ ayé wà nínú ewu, nítorí gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé ló ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ti gbọ́. Ìpínrọ̀ nípa àpilẹ̀kọ yẹ kí ó ní àpẹẹrẹ kan láti inú ìwé kan, èyí tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ Shakespeare yóò fi lóye rẹ̀, nítorí òun náà ní ìbò. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ohun tí ẹ óò kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an, lẹ́yìn tí ẹ ti ka àtòkọ kíláàsì wọn. Bí ipò náà bá jẹ́ ti ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká, ẹ tún lẹ́tà náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀: níbẹ̀, onímọ̀ ìṣèlú àti onímọ̀ ẹranko ló ń kà á, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí ìwé kíkà lè ṣe tí ìwọ̀n àti ìṣirò wọn kò lè ṣe.

Wọ́n fún mi ní ipò tó pín sí ẹ̀ka méjì. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba lẹ́tà àdéhùn. Ipò tí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká jọ ní a máa dùn létí, nígbà tí ó bá sì di ọdún kejì, olùkọ́ ọ̀dọ́ náà yóò rí i pé òun ń lọ sí ìpàdé ẹ̀ka méjì, òun ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka méjì sọ́nà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì rò pé èkejì ni òun ń ṣiṣẹ́ fún jù.

Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ka tó jẹ́ ilé yín nígbà tí ọ̀rọ̀ tenure, ìyẹn ipò iṣẹ́ tí a kò lè dédé lé ènìyàn kúrò nínú rẹ̀, bá dé, iye kíláàsì tí ẹ óò kọ́ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́dún, iye ìgbìmọ̀ tí wọ́n lè fi yín sí, àti àwọn tí yóò jókòó láti ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ yín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó sọ ohun tí wọn yóò kà sí iṣẹ́ ìwádìí. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù. Onímọ̀ àyíká tó wá láti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì lè máa tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú mẹ́ta jáde lọ́dún pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ń retí ìwé kan ṣoṣo tí ènìyàn kan dá kọ láàárín ọdún mẹ́fà. Bí ìgbìmọ̀ kan bá fi òṣùwọ̀n èkejì wọn iṣẹ́ yín, ẹ óò dà bí ọ̀lẹ lójú ọ̀kan àti bí aláìjinlẹ̀ lójú èkejì, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ṣe ohun tó burú. Kí olórí ẹ̀ka méjèèjì àti díìnì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu olórí ẹ̀ka kì í wà mọ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá jókòó sórí àga náà.

Kí ni tenure ń bèèrè?

Ìlànà tí AAUP, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ ní ọdún 1940 sọ pé àkókò ìdánwò kò gbọ́dọ̀ ju ọdún méje lọ, nítorí náà ọdún kẹfà ni wọ́n sábà máa ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́ (Assistant Professor) wò, lẹ́yìn àyẹ̀wò kékeré kan ní ọdún kẹta. Ní yunifásítì ńlá tó fi ìwádìí ṣe pàtàkì, ìwé kan láti ilé ìtẹ̀wé yunifásítì ni wọ́n ń retí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré lè gba àpilẹ̀kọ mélòó kan pẹ̀lú ẹ̀rí kíkọ́ni tó dára. University of Virginia Press ní ọ̀wọ́ ìwé kan tó dá lórí ecocriticism, University of Georgia Press àti University of Minnesota Press náà sì ti tẹ irú iṣẹ́ yìí. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fi àbá ìwé ránṣẹ́ títí di ọjọ́ tí yóò jáde lè tó ọdún mẹ́ta, nítorí pé onímọ̀ méjì láti ìta gbọ́dọ̀ kà á, ẹ óò tún un ṣe, ìgbìmọ̀ ilé ìtẹ̀wé yóò sì dìbò lé e. Ẹ ka ọdún náà sẹ́yìn láti ọdún kẹfà, ẹ óò rí i pé ọdún kejì lẹ́nu iṣẹ́ kò yá jù láti kọ̀wé sí olóòtú.

Owó ìwádìí ńkọ́?

Àwọn láíbìrì tí mo dárúkọ lókè ni ó rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. ACLS, àjọ àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, máa ń fún onímọ̀ lówó, ilé iṣẹ́ Rachel Carson Center ní Munich, ní Jámánì, náà sì máa ń gba àwọn olùwádìí àyíká fún oṣù mélòó kan. Àjọ ìjọba àpapọ̀ NEH, tó ń náwó sí ìwádìí nípa lítíréṣọ̀, ìtàn àti àṣà, ti jẹ́ orísun pàtàkì tipẹ́, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ó fagi lé ọ̀pọ̀ owó tó ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbé odidi ọdún ìwádìí lé orí rẹ̀ nìkan.

Bí n kò bá rí iṣẹ́ tó ní tenure ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gba ipò ọdún kan tàbí méjì gẹ́gẹ́ bí àlejò olùkọ́, tàbí ipò ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ń wáṣẹ́ lọ láti ibẹ̀. Ipò ìwádìí dára jù nítorí pé ó fún ènìyàn láyè láti kọ̀wé. Iṣẹ́ adjunct, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ní kíláàsì kan sí èkejì, tí kì í sábà ní ìbánigbófò ìlera, kì í ṣe ohun tí mo lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa ṣe lọ fún ọdún púpọ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ẹ̀ka náà yóò sọ òun di òṣìṣẹ́ gidi. Ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọgbà ìtura ìjọba àpapọ̀, àwọn àjọ tó ń jà fún ilẹ̀ àti omi, àti ilé ìtẹ̀wé ń gba ènìyàn tó lè ṣe ìwádìí kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tó yé ará ìlú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá irú wọn ṣe nǹkan nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, kó má jẹ́ pé ìgbà tí owó bá tán ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn.

Àjèjì ni mí ní Amẹ́ríkà. Kí ni físà yóò ṣe sí ètò yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní físà F-1 lè ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá lẹ́yìn oyè lábẹ́ ètò OPT. Àwọn tó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ tí ìjọba kà sí STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò) lè fi oṣù mẹ́rìnlélógún kún un, ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí oyè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àyíká wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè kóòdù tí ilé ẹ̀kọ́ fi sí oyè yín. Yunifásítì kò sí lára àwọn tí iye físà òṣìṣẹ́ H-1B tí wọ́n ń fúnni lọ́dọọdún dè lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìkéde ààrẹ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 fi owó $100,000 lé àwọn ìbéèrè H-1B tuntun kan, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì yín ni kí ẹ ti gbọ́ ohun tó bá òfin mu lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ síwèé.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní kí a jọ kọ àpilẹ̀kọ. Ṣé wọn yóò kà á fún mi?

Ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká yóò kà á. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì lè má mọ ohun tí yóò fi ṣe, àyàfi bí ẹ bá kọ ìpínrọ̀ kan mọ́ ìwé tí ẹ fi ń béèrè ìgbéga, tó sọ apá tó jẹ́ tiyín nínú rẹ̀ ní pàtó. Ẹ gba ìfẹnukò lórí ètò orúkọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú sáyẹ́ǹsì, ipò tí orúkọ wà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ní àpilẹ̀kọ kankan tí ẹ dá kọ, ẹ parí ọ̀kan ná kí ẹ tó dá a lóhùn.